Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ìlù etí mi òsì: bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n bu àbùlẹ̀ sí ìlù etí mi òsì, ìyẹn awọ inú etí tí ariwo ń lù, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn. Mi ò tètè kọ èyí torí mo fẹ́ kí òjò ọdún kan gbáko rọ̀ lé etí náà lórí kí n tó sọ pé ó dáa tàbí kò dáa.

Ìgbájú ló dá a sílẹ̀. Kíláàsì kejì girama ni mo wà ní 1994 tí tíṣà kan fi gbá mi létí. Nǹkan dún pó nínú orí mi, etí sì ń hó títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti lè kàn án, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Àwọn àgbà ilé wa ní kí n máa kán òróró àgbọn sí i, ẹlòmíràn ń fi ìyẹ́ adìẹ nù ún fún mi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ìlù etí mi ti lu. Gbogbo ohun tí wọ́n ń dà sí i ń gba ojú ihò yẹn wọ àárín etí, níbi tí omi kò gbọ́dọ̀ dé rárá.

Aránṣọ ni mí. Oníbàárà tó bá jókòó sọ́tùn-ún mi, kò sí wàhálà. Èyí tó bá dúró sósì tí ẹ̀rọ ń lọ, tó bá pe tátí-tuù, fọ́tì-tuù ni màá kọ sílẹ̀. Mo ti fi owó ara mi ra léèsì san fún obìnrin kan rí nítorí irú ẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà etí.

Àyẹ̀wò wọn ni mo máa kọ́kọ́ yìn. Dókítà mú irin kan tó dà bíi fọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu méjì, ó gbá a mọ́ ìgúnpá ara rẹ̀, ó wá fi ìdí rẹ̀ kan iwájú orí mi láàárín gangan. Ó ní, “Ìyá, apá ibo lẹ ti ń gbọ́ ọ jù?” Òsì ni! Etí tí kò gbọ́ran ló ń gbọ́ ọ kíkankíkan. Mo rò pé mo ṣì í gbọ́, ó tún un ṣe, òsì náà ni. Ó ní ohun tó dára nìyẹn: ọ̀nà tí ariwo ń gbà wọlé láti ìta ló bà jẹ́, inú lọ́hùn-ún ṣì pé. Ká ní inú lọ́hùn-ún ló kú ni, etí ọ̀tún ni ìró irin náà ìbá lọ.

Wọ́n tún tì mí mọ́ yàrá kékeré kan tí kò gba ariwo, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnì bí mo bá ti gbọ́ tí-tí, bó ti wù kó kéré tó. Orí bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde ni mo ti rí etí mi: ariwo tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé kò dé òsì àfi tó bá tó 45 dB (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó), ṣùgbọ́n èyí tó gba egungun, 10 péré ló ti gbọ́ ọ. 35 tó wà láàárín méjèèjì ni iṣẹ́ abẹ lè gbà padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ariwo á lu ìlù etí, ìlù á mi egungun kéékèèké mẹ́ta tó so kọ́ra. Ẹ̀kẹta wọn, tó rí bí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ló kéré jù nínú gbogbo egungun ara, nǹkan bíi 3 mm ni. Òun ló ń ti omi inú ohun kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn ohun bí irun tó wà níbẹ̀ á sì gbé e fún iṣan tó lọ sí ọpọlọ. Irun wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá kú, wọn kì í hù mọ́. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta bá ti ba tirẹ̀ jẹ́, kò sí àbùlẹ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló yẹ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan etí yín kí ẹ tó rí bébà yẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sún ọjọ́ mi síwájú torí etí ṣọyún. Òwú tí mo fi Vaseline pa ni mo ń kì sí i kí n tó wẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo fún ní gbogbo máàkì. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n là, wọ́n bù nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo iṣan tí a fi ń jẹun lókè etí, wọ́n sì gba abẹ́ ìlù náà tẹ́ ẹ sí ojú ihò, bí àwa náà ṣe ń gba inú aṣọ bu àbùlẹ̀ kí ojú ìta má baà rí wúruwùru. Ìlù yẹn kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mm lọ ní nínípọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti kùnà ni ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí mo jí, etí òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ rárá, ó burú ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi sunkún kí nọ́ọ̀sì kan tó sọ pé ohun tí wọ́n fi dí etí kí àbùlẹ̀ má baà yẹ̀ ló fà á, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọbẹ̀ tún ń ṣe mí lẹ́nu lápá òsì bí ẹni ń lá irin, odidi oṣù méjì. Iṣan kan tó ń gbé adùn oúnjẹ láti ahọ́n ló gba ẹ̀yìn ìlù etí kọjá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Bóyá gbogbo rẹ̀ wà nínú bébà tí mo fọwọ́ sí, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkánjú ni wọ́n sì fi gbé e fún mi. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ní Yorùbá ni mo fẹ́.

Mi ò gbọdọ̀ fun imú, ẹnu yíya ni mo fi ń sín, mi ò gbé nǹkan tó wúwo. Kì í ṣe àbùlẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń mú: ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi, iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn. Tèmi mú. Lóṣù kẹta, bébà tuntun fi hàn pé 45 dB àtijọ́ ti di 20. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀ títí ó fi dá, etí kò ṣọyún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi dúró sósì, ẹ̀rọ méjì ń lọ, ó ní, “Mà, ìbàdí wọn jẹ́ tátí-ẹ́ìtì.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ láì yí orí.