Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Ìbọn Ìléwọ́ ní Maryland, fún Ẹni Tí Kò Ra Ìbọn Rí

Ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ará ìlú kò lè ra ìbọn ìléwọ́ láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Handgun Qualification License, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí HQL. Oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ fi àṣẹ sí i ní ọdún 2024. Ẹ̀kọ́ oníwákàtí mẹ́rin tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba ìwé yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ aládàáni kan tí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ fún láṣẹ ni mo ti ṣe é. Ẹ̀kọ́ náà dára, mo sì lè júwe olùkọ́ náà fún ọmọ ìyá mi. Àmọ́ ohun tí òfin ní kí wọ́n kọ́ wa kéré sí ohun tí ó yẹ kí ẹni tí yóò gbé ìbọn sínú ilé mọ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dára jù lọ ni bí a ṣe ń di ìbọn mú. Olùkọ́ wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìbọn títí tí gbogbo wa fi ka ìlànà mẹ́rin náà lórí: kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe dojú ẹnu rẹ̀ kọ ohun tí a kò fẹ́ pa run, kí ìka má ṣe dé orí apátí àfi nígbà tí a bá ti fẹ́ yìn ín, kí a sì mọ ohun tí à ń yìnbọn sí àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan nínú wa yí ìbọn òfìfo sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì í, olùkọ́ dá gbogbo iṣẹ́ dúró, ó sì ní kí a tún ìlànà kejì kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òwe àwọn àgbà ni mo rántí: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú ìbọn kọ òun?

Ó tún kọ́ wa ní ohun kan tí mo rò pé ó ti gba ẹ̀mí là níbi púpọ̀: yíyọ àpò ọta kúrò lára ìbọn kò sọ ìbọn di òfìfo, nítorí ọta kan lè ṣẹ́kù nínú ihò ìbọn tí ọta ti ń dún. Àpò ọta ni a ń kọ́kọ́ yọ, kí a tó fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn, kí a wo inú ihò náà, kí a sì fi ìka kàn án. Ẹni tó bá fa irin náà kí ó tó yọ àpò ọta, ó lè lé ọta kan jáde, ṣùgbọ́n òmíràn yóò wọlé rọ́pò rẹ̀, onítọ̀hún yóò sì gbà pé ìbọn ti ṣófo. Ó fi kún un pé ọta ìbọn ìléwọ́ máa ń la ògiri inú ilé Amẹ́ríkà kọjá sí yàrá kejì, nítorí pé pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ògiri ibẹ̀, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù.

Ní ti ìbọn yíyìn, ọta kan ṣoṣo ni òfin béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yìn. Olùkọ́ tiwa jẹ́ kí a yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò tó rárá fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ẹ béèrè iye ọta tí ẹ ó yìn kí ẹ tó sanwó.

Apá ti òfin ni wọ́n sáré kọjá, ibẹ̀ sì ni ewu àwa àtìpó pọ̀ sí. Ìwé HQL kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gbé ìbọn kiri. Àṣẹ ìgbékiri ní ìwé tirẹ̀ àti ẹ̀kọ́ oníwákàtí mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn tí a bá ti yan ìbọn, a ó kún fọ́ọ̀mù 77R, ìyẹn ìwé ìbéèrè ìpínlẹ̀ fún ríra ìbọn, a ó sì dúró fún ọjọ́ méje. Bí a bá ń gbé ìbọn náà láti ilé ìtajà lọ sílé, tàbí lọ sí ibi ìdánrawò, ó gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ó sì wà nínú àpótí tí a pa dé. Ẹni tó ń gbé ní Prince George's County ní Maryland tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Washington, D.C., kò gbọdọ̀ gbàgbé pé òfin ìbọn D.C. yàtọ̀ pátápátá.

Fọ́ọ̀mù 4473 ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí a ń kún ní ilé ìtajà ìbọn nígbà tí a bá ń ra ìbọn, ni kí a fara balẹ̀ kà jù. Ó ń béèrè bóyá ìwọ gan-an ni o ń ra ìbọn náà fún ara rẹ. Láàárín wa, kí ẹ̀gbọ́n fún àbúrò lówó pé kí ó bá òun ra nǹkan kò jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abramski, ará Virginia, ra ìbọn fún arákùnrin òbí rẹ̀, ẹni tí òfin gbà láàyè láti ní ìbọn, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì fọwọ́ sí ẹ̀bi tí wọ́n dá a ní ọdún 2014 nítorí irọ́ tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rà á, àfi ìyọ̀ǹda díẹ̀. Igbó mímu ti bófin mu fún àgbàlagbà ní Maryland láti oṣù keje ọdún 2023, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ṣì ń béèrè nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìwé Maryland wúlò nílé: òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn èyí tó jẹ́ pé Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni ìpamọ́ ìbọn. Olùkọ́ náà sọ fún wa pé Maryland kò gbà kí ìbọn wà níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè ti mú un, ó sì fi àpótí irin hàn wá. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìpara-ẹni, bẹ́ẹ̀ ó ju ìdajì nínú àwọn tí ìbọn ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà lọ tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Ìdílé wa máa ń fi àárẹ̀ ọkàn pamọ́. Nítorí náà, ilé tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti wọ̀, kí ìbọn kúrò níbẹ̀ fún ìgbà náà, kí wọ́n sì mọ̀ pé 988 ni nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án tàbí lóru.

Owó ìwé HQL jẹ́ 50 dọ́là, yàtọ̀ sí owó olùkọ́ àti ti ìtẹ̀ka, ó sì ń lo ọdún mẹ́wàá. Ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni kí a ti tẹ̀ka, nítorí wọn kì í gba èyí tí a bá tẹ̀ níbòmíràn.