Intune ń bá mi tọ́jú kọ̀ǹpútà iléèwé

Níléèwé aládàáni tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, fíláàṣì la fi ń gbé update Windows kiri tẹ́lẹ̀, láti tábìlì kan dé òmíràn. Intune ti Microsoft, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì téèyàn fi ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láti ojú kan, ló gbà mí lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni update ring, ìyẹn ètò téèyàn fi ń sọ ìgbà tí ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa gba update. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde. Mo ní kí kọ̀ǹpútà tèmi àti ti akápò kọ́kọ́ gbà á, kí ti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró ná. Bí Excel akápò bá ṣì ń ṣí, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń tẹ rìsíìtì, ara tù mí pẹ̀sẹ̀ nìyẹn. (Ẹ má sọ fún un pé òun ni mo fi ń dán an wò o.) Ẹ lè dá irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dúró tó 30 ọjọ́.

Dátà ńkọ́? Ẹ tan Delivery Optimization. Bí kọ̀ǹpútà kan bá ti wa update náà sílẹ̀, àwọn yòókù tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lè gbà á lára rẹ̀, dípò kí kálukú máa fa dátà tirẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows Home kò lè gba update ring. Pro, Enterprise tàbí Education ni kẹ́ ẹ ní. Oṣooṣù lowó Intune, wọ́n sì sábà máa ń kà á lórí olùmúlò kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá ju márùn-ún lọ, ẹ fowó yín ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, torí kọ̀ǹpútà tó bá wà ní pípa ò lè gba update kankan.