Wọ́n yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ mi ò kábàámọ̀: Union Chapel, Islington

Mo fẹ́ lọ wo Union Chapel, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Islington, London. Lẹ́ẹ̀mejì ni ilé iṣẹ́ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì (mi ò ní dárúkọ wọn) yọ owó ní àkáǹtì mi. Mo wá dé ẹnu ọ̀nà, orúkọ mi ò sí nínú ìwé! Mo pè wọ́n. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn títí, kí ọmọkùnrin kan tó gbé e. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi báyìí ló bẹ̀rẹ̀ Yorùbá: "Háà, Mọ́mì, ẹ má bínú." Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo bí ẹ, owó mi ni mo ń bèèrè." Ó ní òun á fi ìméèlì ránṣẹ́. Ìméèlì dé lóòótọ́: kí n wá sọ bí mo ṣe gbádùn iṣẹ́ wọn sí. Ẹ gbà, mo ń sọ ọ́.

Bàbá òyìnbó kan tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀ṣì náà ló wo rìsíìtì lórí fóònù mi, tó ní kí n wọlé jàre. Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀.

Ìjọ Congregational ló kọ́ ọ. Wọn kì í ṣe ara Áńgílíkà, wọn ò sì ní bíṣọ́ọ̀bù. Ìwàásù ni wọ́n fi ṣe olórí ìsìn. Ìdí nìyẹn tí James Cubitt, tó ya àwòrán ilé náà, kò fi tò ó gbọọrọ kí òpó máa dí èèyàn lójú. Igun mẹ́jọ ló fún inú rẹ̀, ó wo ti ṣọ́ọ̀ṣì Santa Fosca ní Torcello, lẹ́bàá Venice ní Ítálì. Wọ́n ṣí i ní 1877, nígbà tí Henry Allon jẹ́ pásítọ̀. Ilé gogoro iwájú kò parí títí di 1889. Dùùrù onípáìpù tí Henry Willis ṣe wà lẹ́yìn àga ìwàásù, wọ́n fi pamọ́ kí ìjọ má baà máa wo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè fi agbára omi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i!

Bàbá gun àga ìwàásù, ó ní kí n lọ jókòó lókè, lẹ́yìn pátápátá. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, láìsí máìkì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa tí kò tó ìdá mẹ́rin ibẹ̀, sípíkà ń lù wá létí, a ò sì gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń wí.

Ó tún fi èérún òkúta Plymouth hàn mí lókè ilẹ̀kùn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ní 1883. Òkúta yìí ni wọ́n ní àwọn onísìn tó kúrò ní England nítorí ẹ̀sìn wọn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Mo ṣì ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí ìméèlì wọn mìíràn tún wọlé: ẹ̀dínwó fún tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Owó mi ńkọ́?

Ìràwọ̀ 1 nínú 5 fún àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ wo ibẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀dọ̀ wọn.