Kẹ̀kẹ́ Ọmọ, Kárìà, Ọ̀já: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà Kí Ẹ Tó Kó Ọmọ Wẹ́wẹ́ Lọ Páàkì?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í gun nǹkan púpọ̀ ní páàkì ìgbafẹ́. Ó máa wo àwọn tó ń yí lókè, ó máa gun ẹṣin onírin, ó máa jẹun, ó máa ya ìgbẹ́, ó máa sùn. Gbogbo ìyókù ọjọ́ náà, ẹ̀yin lẹ máa gbé e kiri. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ìyá tó bá bi mí pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó ìwọlé sílẹ̀ ná, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n máa fi gbé ọmọ.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: kẹ̀kẹ́ ọmọ tí à ń tì, kárìà tí à ń fi bẹ́líìtì dè mọ́ àyà tàbí ẹ̀yìn, àti ọ̀já. Owó ara mi ni mo fi ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlọrin ni mo ń gbé, nítorí náà ilẹ̀ tiwa, oòrùn tiwa àti ọkọ̀ tiwa ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ẹni tó bá ń lọ òkè òkun, mo máa kàn án nísàlẹ̀.

Táyà àti ilẹ̀

Ibí ni kẹ̀kẹ́ ọmọ ti ná mi lówó jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ dídán ni wọ́n ṣe é fún: inú ilé ìtajà tí wọ́n tẹ́ táìlì sí, ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n da kọnkéré sí. Ike líle ni táyà iwájú rẹ̀, ó kéré, ó sì ń yí sọ́tùn-ún yí sósì fúnra rẹ̀. Bó bá dé orí yanrìn, á dábùú, á walẹ̀, á dúró gbọnin. Bó bá dé orí íńtálọ́ọ̀kì, á máa bọ́ sáàárín àlàfo, ọmọ á sì máa gbọ̀n látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wá ro ilẹ̀ tí ẹ máa bá pàdé níbi ìgbafẹ́ lọ́dọ̀ wa: íńtálọ́ọ̀kì lẹ́nu géètì, lẹ́yìn ìyẹn koríko, yanrìn, yẹ̀pẹ̀ pupa, àtẹ̀gùn.

Tèmi, ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo tì í jáde ni táyà iwájú kan já kúrò lára irin tó gbé e dúró. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo pọn àbúrò, mo ká kẹ̀kẹ́ pọ̀, mo gbé e lé èjìká títí dé ibi tí a ti wọkọ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni pé kò sí ẹni tó ń ta táyà rẹ̀. Mo wá a dé Ọjà Ọba, mo wá a dé Ìpàtà. Ẹni tó tà á fún mi ní bó ṣe dé ni òun ń tà á, òun kì í tọ́jú páàtì. Níkẹyìn, wẹ́dà kan fi bóòtù dè é. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n táyà náà kò yí sọ́tùn-ún sósì mọ́, iwájú rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó ọkọ̀ tí mo fi wá táyà, owó wẹ́dà, owó ọjà fúnra rẹ̀: ẹ̀yin náà ẹ rò ó pọ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ẹ má dán an wò lórí táìlì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé gàrí tàbí ìrẹsì kílò 10 sínú rẹ̀, kí ẹ tì í jáde sórí yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì. Ọwọ́ kan ni kí ẹ fi tì í, torí pé ọwọ́ kejì máa di ọmọ kejì mú. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wo ibi tí táyà ti wọnú irin. Bó bá jẹ́ ike ló di ike mú, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ bèèrè bóyá táyà iwájú ṣeé tì pa kó má baà yí sọ́tùn-ún sósì. Kí táyà náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 níwájú, kí ti ẹ̀yìn sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ búrèkì rẹ̀ níbi tó dagẹ̀rẹ̀. Bẹ́líìtì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ọmọ mú lójú márùn-ún: èjìká méjèèjì, ìbàdí méjèèjì, àti àárín itan. Bó bá sì há sínú yanrìn nígbà tí ẹ ti dé ọ̀hún, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí ẹ máa fà á bọ̀. Táyà ẹ̀yìn ló tóbi, òun ló máa ń kọjá.

Kárìà àti ọ̀já kò ní táyà.

Ooru

Láti oṣù Kejì wọ oṣù Kẹrin, oòrùn Ìlọrin kì í ṣe èyí tí à ń gbé ọmọ ọwọ́ dúró sí. Mo máa ń rí àwọn ìyá tó ń ju ìró bo ojú kẹ̀kẹ́ kí oòrùn má baà pa ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ yẹn máa ń sé atẹ́gùn mọ́, inú ibẹ̀ á gbóná ju ìta lọ, ẹ ò sì ní rí ojú ọmọ. Agboòrùn ni kí ẹ so mọ́ ọn. Kárìà tí fóòmù pọ̀ lára rẹ̀ máa ń mú ọmọ làágùn gan-an. Ìró òwú àti ọ̀já ló fúyẹ́ jù.

Ọkọ̀

Bí ẹ bá ń lọ Ìbàdàn, yálà ọgbà ìgbafẹ́ Àgọ́dì ni o tàbí ibòmíràn, ọ̀nà náà tó kìlómítà 160 gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò tirẹ̀, dẹ́rẹ́bà máa gba owó ẹrù lórí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Kárìà ń wọ báàgì. Ọ̀já ti wà lára yín.

Èrò

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé ní ọgbà Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ kì í ṣe páàkì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kì í kó ọmọ lọ ibi ìgbafẹ́ kankan lọ́jọ́ Iléyá tàbí ọjọ́ Kérésìmesì mọ́. Àárín ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, ni mo máa ń lọ. Bí èrò bá sì pọ̀ lójijì, kẹ̀kẹ́ kò ṣeé yí padà kíákíá, ọmọ inú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ níbi orúnkún àwọn èèyàn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn yín ń bá yín lọ síbi tí ẹ bá sá sí.

Itan àti ọrùn ọmọ

Kí itan ọmọ ya, kí orúnkún rẹ̀ sì ga ju ìdí rẹ̀ lọ: bẹ́ẹ̀ ló ṣe dáa fún oríkèé ìbàdí. Bí a ṣe ń pọn ọmọ nílẹ̀ wa ti ṣe ìyẹn tán. Kárìà tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, tí ẹsẹ̀ ọmọ ń fì dirodiro nínú rẹ̀, ẹ má rà á. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, àyà ni kó wà, kí imú rẹ̀ wà ní gbangba, kí àgbọ̀n rẹ̀ má sì lẹ̀ mọ́ àyà ara rẹ̀.

Ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá pè yín wá sí páàkì ìgbafẹ́ Disney World ní Florida, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dán, wọ́n sì ń yáni ní kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2019, kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 79 lọ, tàbí tó gùn ju 132 lọ, kò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í sanwó ìwọlé. Àwọn nǹkan gígun tó ń sáré, bíi Seven Dwarfs Mine Train, ń béèrè pé kí ọmọ ga tó sẹ̀ǹtímítà 97. Ẹ wọn ọmọ nílé kí ẹ tó ṣe ìlérí fún un. Wọ́n sì ní ètò kan tí mo fẹ́ràn: òbí kan á dúró ti ọmọ kékeré, èkejì á gun, wọ́n á wá pààrọ̀ láì tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi sùúrù bẹ àwọn tó ń ṣọ́ nǹkan ní páàkì tiwa náà fún irú rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá rà?

Ẹni tó ní ìbejì, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ti ju ọdún méjì lọ tó sì wúwo, tó ní mọ́tò, tó sì ti fojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ ibi tó ń lọ, kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá wúlò fún un. Ó ń gbé fúlásíìkì, ó ń gbé pámpásì, ọmọ sì ń sùn nínú rẹ̀. Kárìà dáa fún àwọn bàbá. Ọkọ mi kò ní fi ọ̀já pọn ọmọ rìn ní Táńkẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé kárìà kọ́ àyà láìjanpata, èmi náà sì sinmi.

Ẹnikẹ́ni tó kù, ọ̀já ni, àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ àti kárìà pàápàá sì gbọ́dọ̀ kì í sínú báàgì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀já ló dáa. Èyí tó ń dán bíi sátínì máa ń yọ̀, ẹ máa tún un dè títí ọwọ́ yín á fi ro yín. Òwú ni kí ẹ wá, kó fẹ̀, kó nípọn. Àwọn ahunṣọ wà n'Ìlọrin tó ń hun èyí tó lè tọ́ ọmọ mẹ́ta. Màmá wa l'Ọ́fà máa ń sọ fún wa pé ká dè é sí ara nínú ṣọ́ọ̀bù, ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ká dìde, ká tó sanwó.

Ẹ̀yin tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ má rà á kí ẹ tó jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pọn ọmọ lọ wo àwọn ẹranko ní ọgbà Yunifásítì Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kí ẹ wo ibi tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, kí ẹ sì wo ilẹ̀ tí ẹ rìn. Bí ẹ bá padà délé tí ẹ̀yìn kò ro yín, ẹ fi owó kẹ̀kẹ́ yẹn pamọ́ fún owó ìwọlé.