Ìgò tí wọ́n ya ewé sí: èwo ló ń lé eégbọn ní tòótọ́?

Nílé, ara ajá àti màlúù la mọ̀ mọ́ eégbọn. Àwa tí a ń gbé Maryland ní Amẹ́ríkà, ara ọmọ wa la ti ń já a. Èyí tí wọ́n ń pè ní deer tick ló ń kó àrùn Lyme ranni, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹni láti oṣù karùn-ún sí ìkeje kò sì tó wóró yánmọtí. CDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, fojú bù ú pé nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún un lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Abájọ tí àtẹ ọjà fi kún fún ìgò aláwòrán ewé.

Ẹ mú méjì tí orúkọ wọn fẹ́ jọra. Wọ́n kọ Oil of Lemon Eucalyptus sára ọ̀kan, Lemon Eucalyptus Essential Oil sára èkejì. Igi kan náà ni wọ́n ti wá, òórùn wọn jọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Wọ́n ti se àkọ́kọ́ títí èròjà PMD fi pọ̀ nínú rẹ̀, PMD yìí ló sì ń lé eégbọn. Ẹ máa rí EPA Reg. No. lára ìgò rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká. Èyí tó jẹ́ ìdá 30 nínú 100 lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 6, àmọ́ ẹ má fi pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Epo olóòórùn lásán ni èkejì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún yàrá.

Epo kédárì, mint àti koríko ọba ńkọ́? Òfin gbà kí wọ́n tà wọ́n láìní nọ́ńbà EPA torí pé ewu wọn kéré. Àìléwu yàtọ̀ sí ìwúlò o. Ẹni tó ń tà á kò ní láti fi ẹ̀rí han EPA pé eégbọn kan sá fún un. Èmi ò ní fi owó mi sí i.

Picaridin ìdá 20 máa ń pẹ́ lára jù wọ́n lọ. Kẹ́míkà ni, ṣùgbọ́n èròjà inú ata dúdú ni wọ́n wò ṣe é. Kò rùn, kì í sì í ba rọ́bà jẹ́ bíi DEET, kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n fi ń lé kòkòrò.

Tó bá jẹ́ ọjà kan ṣoṣo lowó yín ká, permethrin ìdá 0.5 ni kẹ́ ẹ rà. Bàtà àti ṣòkòtò lẹ máa fín in sí, kì í ṣe ara. Òdòdó pyrethrum, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Kenya, ni wọ́n wò ṣe é. Ó lè fara da ìfọ̀ 6, pípa ló sì ń pa eégbọn, kì í ṣe lílé nìkan. Ológbò yín ò gbọdọ̀ fara kàn án nígbà tó ṣì tutù, torí ó lè pa á. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni irú eégbọn mìíràn, lone star tick, tí àmì funfun wà lẹ́yìn abo rẹ̀. Ẹni tí eégbọn yìí bá jẹ lè dẹni tí ẹran ewúrẹ́ àti màlúù ń bá jà ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ wo ẹni tó dé òde àríyá tí kò lè jẹ ẹran!

Ní ti àyíká ilé, omi aáyù ń fẹ́ kí ẹ máa tún un fín léraléra. Ẹ kúkú ra igi wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sáàárín koríko ilé àti igbó. Àwọn kan ń sin ẹtù kó lè ṣa eégbọn jẹ. Ó ń jẹ àwọn àgbà rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kéékèèké tó léwu jù kì í sábà hàn sí i, ariwo rẹ̀ sì lè dá ìjà aládùúgbò sílẹ̀.

Dryer tẹ́ ẹ ti ní nílé, tó bá gbóná dáadáa, ìṣẹ́jú 10 ló fi ń pa èyí tó wà lára aṣọ gbígbẹ. Ẹ wẹ̀ láàárín wákàtí 2, kẹ́ ẹ yẹ abíyá, ẹ̀yìn etí, kọ́lọ́fín orúnkún àti abẹ́ irun dídì àwọn ọmọbìnrin wò. Ẹ̀mú kékeré tí ẹ fi ń fa irun ojú ni kẹ́ ẹ fi gbá a mú nítòsí awọ, kẹ́ ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Èyí tí ẹ bá yọ kó tó pé wákàtí 24, ewu Lyme rẹ̀ kéré gan-an.

Òrùka pupa tí wọ́n ń yà sínú ìwé ìléwọ́ gẹ́gẹ́ bí àmì Lyme, ara òyìnbó ló ti ń hàn bẹ́ẹ̀. Lára tiwa, ó lè dà bí ibi tí èèyàn fi gbá ilẹ̀kùn. Tó bá ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, tàbí tí ibà dé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ igbó.