Ìkìlọ̀: ẹ má tíì sanwó fún iná LED tí wọ́n ń kiri fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ti Jàpáànì

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Suzuki Carry, Daihatsu Hijet, Mitsubishi Minicab àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi inú ọ̀rá káàkiri Èkìtì, ọ̀rọ̀ yín rèé. Àwọn kan ń gbé páálí iná LED kiri ọgbà mẹkáníìkì àti gáréèjì. Wọ́n kọ “200W, 20,000 lumen, wàràǹtì ọdún kan” sára páálí náà (lumen ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Wọ́n á tan án sí yín lójú nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú yín á ṣú, ẹ ó sì gbà pé ó mọ́lẹ̀. Iná tó ń fọ́ni lójú yàtọ̀ sí iná tó ń jẹ́ kí awakọ̀ rí kòtò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnì kan á ta gílóòbù fún yín ní owó tí kò ga jù. Ẹnì kejì, tó ń pe ara rẹ̀ ní rewáyà (oníṣẹ́ wáyà ọkọ̀), á bá yín fi sí i. Ẹ tan iná, dímù (iná ìsàlẹ̀) ò ṣiṣẹ́, tàbí dímù àti fúlú (iná tó ń lọ jìnnà) jọ ń tàn pọ̀, tàbí kí ọkọ̀ ṣókùnkùn pátápátá. Rewáyà á wá mi orí: “Ẹ̀gbọ́n, wáyà ọkọ̀ yín ti jó o. Àwọn tó yí sítíárì láti ọ̀tún sí òsì ló bà á jẹ́.” Owó àtúnṣe wáyà yìí gan-an ni wọ́n ń lé láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé wáyà tí kò ní àìsàn kankan, wọ́n á tún un so, iná á tàn, ẹ ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó fà á tí kò fi tàn kò ju báyìí lọ. H4 ni gílóòbù tó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, èyí tí à ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ẹsẹ̀ kan fún dímù (55W), ọ̀kan fún fúlú (60W), méjèèjì sì jọ ń lo ìkẹta. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù, nẹ́gétíìfù ló wà lórí ẹsẹ̀ kẹta yẹn, súìṣì á sì máa fi pọ́sítíìfù ránṣẹ́ sí dímù tàbí sí fúlú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànì yí i padà: pọ́sítíìfù ló wà lórí ẹsẹ̀ kẹta, súìṣì á wá máa so dímù tàbí fúlú mọ́ nẹ́gétíìfù. Halogen, ìyẹn gílóòbù àtijọ́, ò mọ ìyàtọ̀, torí okùn irin tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Ibi yòówù kí iná gbà wọlé, á gbóná, á tàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná lè gbà nínú LED. Bí wọ́n bá ṣe LED fún ètò ti Yúróòpù tí ẹ wá fi í sínú Hijet, kò ní tàn bó ṣe yẹ, kódà bí wáyà ọkọ̀ yín tuntun bíi ti ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ní ilé iṣẹ́.

Ẹ lè fi multimeter (mítà tí wọ́n fi ń wọn iná) mọ irú èyí tí ọkọ̀ yín jẹ́ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn gílóòbù méjèèjì. Ẹ má yọ ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí iná á gba inú èyí tó kù yí padà, á sì tan mítà jẹ. Ẹ gbé mítà sí 20V DC, ẹ fi wáyà dúdú rẹ̀ kan irin ara ọkọ̀ níbi tí kò sí ọ̀dà. Ẹ tan dímù, ẹ fi wáyà pupa wo ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí i sí fúlú, ẹ tún wò ó. Bí ihò kan náà bá ń fi 12V hàn nínú dímù àti nínú fúlú, nẹ́gétíìfù ni súìṣì yín ń já, ìyẹn ètò ti Jàpáànì. Bí 12V bá ń ṣí kúrò nínú ihò kan bọ́ sínú òmíràn bí ẹ ṣe ń yí súìṣì, ètò ti Yúróòpù ni.

Ẹni tí súìṣì ọkọ̀ rẹ̀ ń já nẹ́gétíìfù, kó ra LED H4 tí wọ́n ṣe láti ṣiṣẹ́ lọ́nà méjèèjì, tàbí kó ra wáyà àárín tó ń yí pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù padà, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó kì í bọ àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù ni, ẹnikẹ́ni ò ní fi abẹ kan wáyà. Nígbà mìíràn, iná búlúù fúlú tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù lè máa tàn fírífírí tàbí kó má tàn mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fi LED sí i. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wáyà jó. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ta “canbus decoder” fún yín mọ́ ọn, ẹ ní kí wọ́n gbé e sílé. Ọkọ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ gílóòbù rẹ̀ ló nílò rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù 660cc tó ti pẹ́ láyé ò mọ̀ bóyá gílóòbù rẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó wà lára páálí. H4 halogen tó péye ń mú nǹkan bí lumen 1,000 wá ní dímù, 1,650 ní fúlú. LED tó dára ń mú nǹkan bí lumen 100 jáde nínú wọ́ọ̀tì kan. Kí 20,000 lumen tó lè jáde, àfi kó jẹ 200W ní tòótọ́. Bí wọ́n bá ní gílóòbù kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ ẹ́, ó ju 16A lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá ní méjèèjì ló pa pọ̀ jẹ ẹ́, ó ju 8A lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ fíúsì iná iwájú ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé wáyà pupa mítà sínú ihò 10A, ẹ tan dímù, kí ẹ sì fi imú wáyà mítà méjèèjì kan ẹnu ibi tí fíúsì ti kúrò. Bí fíúsì kan ṣoṣo bá ń bọ́ iná méjèèjì, ẹ yọ gílóòbù kan kí mítà má jó. Halogen 55W á fi nǹkan bí 4.5A hàn. LED páálí aláriwo wọ̀nyí sábà máa ń wà láàárín 1.5A sí 2A, ìyẹn 20W sí 25W. (Lẹ́yìn náà ẹ dá wáyà pupa padà sí ihò fólítì kíá. Ẹni tó bá gbàgbé tó tún fi wọn bátìrì á rí iná ọmọ ọ̀run.)

25W LED ò burú o. Ó lè mọ́lẹ̀ ju halogen lọ, ó sì ń dín iṣẹ́ kù fún jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ kékeré. Owó 200W ni ẹ ò gbọ́dọ̀ san fún un. Ẹ jẹ́ kó tàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2A tó sì já sí 1.2A, ooru ti borí rẹ̀, ó ti ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kó má bàa jó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kiri kì í fi í jẹ́ kó tàn ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń balẹ̀ sí ló tún wá le jù, olùtà kan ò sì ní sọ ọ́ fún yín. Apá òsì títì ni wọ́n ń rìn ní Jàpáànì. Dímù ọkọ̀ wọn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lápá ọ̀tún, ó sì máa ń gòkè díẹ̀ lápá òsì kí awakọ̀ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì. Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n yí sítíárì ọkọ̀ yín tí wọn ò yí ilé iná, ìmọ́lẹ̀ tó gòkè yẹn ń lọ tààrà sójú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì. Pẹ̀lú halogen tó ti rẹ̀, àwọn èèyàn lè fara dà á. Bí ẹ bá fi LED tó le sí i, lójú ọ̀nà tóóró bíi ti Aramọkọ sí Ìtawurẹ, ẹ ti fọ́ dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ lódìkejì lójú. Kò sí gílóòbù tó lè tún un ṣe, inú ilé iná ni àwòrán ìmọ́lẹ̀ náà wà. Bí ẹ bá rí ilé iná tí wọ́n ṣe fún ìrìn apá ọ̀tún tó bá ọkọ̀ yín mu, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó rà. Bí kò bá sí, ẹ rẹ iná sílẹ̀.

LED fúnra rẹ̀ tún lè ba ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Ẹ wo inú H4 halogen dáadáa, ẹ ó rí abọ́ irin kékeré kan lábẹ́ okùn dímù, òun ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ì bá lọ sókè. LED H4 gidi ní irú abọ́ yẹn, ibi tó ń tàn lára rẹ̀ kéré, ó sì wà ní ibi tí okùn halogen wà gẹ́lẹ́. Ẹ fi méjèèjì lé ara wọn kí ẹ wò ó. Èyí tí kò ní abọ́, tàbí tí ó ki pọ́pọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá ti fi sí i, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ tó ń tàn gbọ́dọ̀ kọjú sí òsì àti ọ̀tún, kò gbọdọ̀ kọjú sókè àti sílẹ̀. Òrùka ìdí rẹ̀ ni ẹ ó yí.

Ẹ fi ògiri dán an wò kí ẹ tó sanwó tán. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, èyí tí kò rọrùn ní Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìkéré, ṣùgbọ́n ilé epo sábà máa ń ní i. Ẹ gbé ọkọ̀ sí mítà 10 sí ògiri, ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń gbé sẹ́yìn (350kg ni wọ́n ṣe é fún, mo mọ̀ pé ẹ ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ), torí ẹrù ń gbé imú ọkọ̀ sókè. Ẹ wọn gíga àárín iná sí ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gíga yẹn sára ògiri. Etí òkè dímù gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìsàlẹ̀ ìlà ṣọ́ọ̀kì. Nítorí ìmọ́lẹ̀ apá òsì tó ń gòkè, ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tú ká káàkiri ògiri tí kò ní etí, LED yẹn ò bá ilé iná yín mu, iye lumen tó wù kó ní.

Ọ̀pọ̀ yín ni kò tilẹ̀ nílò LED. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nígbà tí wọ́n ń yí sítíárì, wọ́n fa wáyà gùn, wọ́n lọ́ ọ pọ̀, wọ́n fi téèpù wé e. Iná ń sọnù níbẹ̀. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ tan dímù, ẹ wọn fólítì lórí bátìrì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn gílóòbù nígbà tó ń tàn, láàárín ẹsẹ̀ dímù àti ẹsẹ̀ kẹta. Bí bátìrì bá ní 14V tí ẹ̀yìn gílóòbù sì ní 12V, ẹ ti rí olè náà. Bí fólítì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ halogen ń dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Àtúnṣe rẹ̀: relay (súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀) 12V 30A méjì, ọ̀kan fún dímù, ọ̀kan fún fúlú, fíúsì 20A nítòsí bátìrì, wáyà 4mm² láti bátìrì wá síwájú torí abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bátìrì ọ̀pọ̀ wọn wà, 2.5mm² láti relay dé gílóòbù àti fún nẹ́gétíìfù, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì H4 alámọ̀ méjì. Bí súìṣì yín bá ń já nẹ́gétíìfù, ẹsẹ̀ 86 relay lọ sí pọ́sítíìfù, 85 sì lọ sí wáyà súìṣì. Ẹ fi sáńdípépà 800, 1500, 2000 àti omi fọ ojú iná oníke tó ti pọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta halogen 100/90W fún yín dípò rẹ̀, á yọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ LED, kó ra èyí tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4300K dípò 6500K tó ń ṣe búlúù. Lójú òjò, títì dúdú lábẹ́ iná búlúù kì í hàn dáadáa. Kó rí i pé rọ́bà ẹ̀yìn ilé iná ṣì wọlé. Bí wọ́n bá gé rọ́bà kí fáànù LED lè ráyè, eruku pupa àti omi á wọlé, dígí inú á sì ṣú.

Nípa ìwé ẹ̀rí, ẹ ní kí olùtà kọ irú ọkọ̀ yín, “H4” àti “súìṣì ń já nẹ́gétíìfù” sínú risíìtì. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ń lò gbà yín láyè láti dá ọjà padà láàárín àkókò tó bójú mu, bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún olùtà tí kò sì ṣe é. “Ọjà tí a rà, a kì í dá a padà” tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ risíìtì ò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín.

Kí ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ilé iná méjèèjì níbi tí orúkọ Koito tàbí Stanley (àwọn ilé iṣẹ́ Jàpáànì tó ń ṣe ilé iná) wà, torí wọ́n máa ń yọ ojúlówó, wọ́n á fi ayédèrú sí i. Ẹ gba gílóòbù àtijọ́ padà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní ó ti fọ́, ẹ ní kí wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ wá.