Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin: ẹ fọ pátákò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ fẹ́ ra ẹṣin fún ìwúyè, ìgbéyàwó tàbí ọdún ìbílẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ra ẹṣin kankan nítorí pé bàtà irin tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oníṣòwò kan tó ń kó ẹṣin wá láti òkè Ọya ta ọ̀kan fún mi. Láti ìgbà náà ni bàtà ti ń bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹṣin náà, kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà wa kò dára gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń wí, bí kò ṣe nítorí pé kò sí pátákò gidi níbẹ̀ mọ́ tí ó lè di ìṣó mú. Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Èmi ni ẹṣin iwájú náà, mo sì ti ṣubú.

Owó kòkó ni mo fi rà á. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú àgbẹ̀ ń rí, láti orí ríro oko dé orí fífín oògùn àti sísá kòkó, yóò mọ ìdí tí inú mi kò fi tíì rọ̀ títí di òní. Ẹṣin pupa ni, ara rẹ̀ ń dán, pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dúdú mirinmirin. Nígbà tí mo ní kí n wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kíá ló sì ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní ìrìn ọ̀nà jíjìn ti rẹ ẹṣin náà, kí a má dà á láàmú. Àwọn kan ń sọ pé ó yẹ kí n ti fura nígbà náà. Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fura sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tó ń pe ènìyàn ní Bàbá, tó sì fi ìyá rẹ̀ búra?

Níbi ìwúyè àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà, lójú gbogbo ayé, ni bàtà ẹsẹ̀ iwájú ti fò yọ tòun ti àfọ́kù pátákò tí ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Olóyè tuntun tó wà lórí rẹ̀ ní láti sọ̀kalẹ̀, ó fi agbádá gbá ilẹ̀ ọ̀dà lọ sílé, àwọn onílù kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lù tàbí kí wọ́n dákẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ya fídíò. Ọmọdé kan ló mú bàtà náà wá fún mi, ó ní, "Bàbá, bàtà ẹṣin yín rèé." Mo gbà á, mo sì dúpẹ́! Kí ni mo tún lè ṣe?

Nígbà tí mo pe olùtà, ó ní ẹrẹ̀ ni. Ó rán alágbẹ̀dẹ kan wá, ó kàn án padà, ó tún bọ́. Ó wá ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tẹ bàtà iwájú. Òótọ́ ni pé bí iwájú pátákò bá gùn jù, ẹṣin kì í tètè gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì bá a níbẹ̀, yóò tẹ ìdí bàtà náà, yóò sì fà á tu. Ṣùgbọ́n bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà bọ́! Ẹsẹ̀ wo ló wá tẹ ìyẹn?

Dókítà ẹran tí mo pè ló tú àṣírí. Ó fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ pátákò náà, pọ́líṣì bàtà dúdú sì ń ṣàn sílẹ̀. Lábẹ́ pọ́líṣì ni a ti rí ohun tí àwọn páńẹ́bítà ń pè ní fílà, tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, dókítà fi ọ̀bẹ kàn án, ó sì ré dànù. Fílà, lẹ́sẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí! Ihò ìṣó àtijọ́ ló kún ibẹ̀, òmíràn ti wọ inú òmíràn, etí pátákò sì ti fọ́ wẹ́wẹ́. Nítorí pé iwájú ti bàjẹ́ tán, ọ̀dọ̀ gìgísẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ìṣó sí, níbi tí ó yẹ kí pátákò ti máa fẹ̀ díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹṣin bá tẹ ilẹ̀. Pátákò kì í hù ju nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 10 lọ lóṣù, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò tó oṣù 9 sí 12 kí èyí tó dára tó ti ìsàlẹ̀ irun dé iwájú ẹsẹ̀. Bí a bá sì tún ń kan bàtà mọ́ ọn báyìí, ihò tuntun ni a ń dá sí i. Òjò wa máa ń mú pátákò rọ̀, oòrùn wa sì máa ń mú un gbẹ, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣé ẹrẹ̀ Iléṣà ló wá fi pọ́líṣì kùn ún?

Nítorí náà, ẹ fúnra yín gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi omi fọ̀ wọ́n, ẹ wo ibi tí ẹnu ìṣó ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákò bóyá ó tò dọ́gba tàbí ó rí jágbajàgba. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n kan bàtà kẹ́yìn, nítorí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ni a ń tún un kàn. Ẹ mú dókítà ẹran dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á rìn lórí ilẹ̀ líle, ẹ má sì san owó tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní tèmi, n kò gba ọ̀rọ̀ olùtà ẹṣin kankan gbọ́ mọ́, ìbáà ṣe ẹni tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Bí inú ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn bá bàjẹ́ sí èyí, kí ó lọ bínú sí èyí tó rẹ́ mi jẹ. Kò gbé fóònù mi mọ́. Mo sì gbọ́ pé ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ báyìí, ó ń fi ẹṣin funfun kan lọ àwọn ènìyàn, ó ní wọn kò tíì kan bàtà mọ́ ọn rí láyé rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ pátákò rẹ̀ bóyá ẹ óò rí ihò.